Ta Ló Fún Wa Láṣẹ Láti Ṣa Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà Jọ?

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni mo tún gbé dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi owó kékeré to kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbá géèmù ni.

Ẹ wò ó: ọmọ kan á ra processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́ ẹnì kan, á ra mẹ́mórì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, á wá káàdì àwòrán tòkunbọ̀ lọ síbòmíràn. Bó bá délé, á tò wọ́n pọ̀, wọ́n á sì ṣiṣẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni? Rárá o.

Ìkánjú ló bí i. Ní ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn mìíràn ti ń gba ọjà kọ̀ǹpútà kékeré mọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n kó ikọ̀ kan jọ ní Boca Raton, ní ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n sì fún wọn ní nǹkan bí ọdún kan péré. Kò sáyè láti ṣe gbogbo ẹ̀yà fúnra wọn. Wọ́n ra ọpọlọ rẹ̀, 8088, lọ́wọ́ Intel. Wọ́n gba DOS lọ́wọ́ Microsoft. Wọ́n fi ojú ihò márùn-ún sílẹ̀ tí èèyàn lè ki káàdì bọ̀. Wọ́n tún tẹ ìwé tó ṣàlàyé bí inú rẹ̀ ṣe so pọ̀. August 12, 1981 ni wọ́n gbé e jáde, $1,565 sì ni iye tó kéré jù.

BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ náà lójú oorun, nìkan ni IBM fi òfin dè. Ilé-iṣẹ́ Compaq, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Houston ní 1982, ló wá ọgbọ́n sí i: àwọn kan kọ ohun tí BIOS náà ń ṣe sílẹ̀, àwọn mìíràn tí kò fojú kàn án rí sì kọ tuntun. Nígbà tó di 1984, Phoenix Technologies ń ta irú rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Ọjà ṣí nìyẹn. Ní 1995, Intel gbé ìlànà ATX kalẹ̀, tó sọ ibi tí ìṣó motherboard á wà àti bí iná á ṣe wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àpótí ilé-iṣẹ́ kan fi ń gba motherboard ilé-iṣẹ́ mìíràn títí dòní.

Géèmù wá sọ ibi tó yẹ kí owó lọ. Nígbà tí Doom jáde ní December 1993, ọpọlọ ló ń dá iṣẹ́ náà ṣe. Ní 1996, káàdì Voodoo ti ilé-iṣẹ́ 3dfx dé, ó gba iṣẹ́ yíya àwòrán lọ́wọ́ ọpọlọ. Láti ìgbà náà ni káàdì ti di ẹ̀yà tí owó ń wọ́ tọ̀.

Ṣùgbọ́n August 1998 gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Intel gbé ọpọlọ méjì jáde: Pentium II tó ń sá eré 450 MHz, ní $669, àti Celeron 300A, 300 MHz, ní $149. Àwọn ọ̀dọ́ ṣírò ó: Celeron yìí ń sọ 66 MHz tí motherboard ń fún un di ìlọ́po 4.5. Wọ́n bá yí 66 sí 100. Ó di 450! Ibi ìpamọ́ inú rẹ̀ kéré ju ti Pentium lọ, àmọ́ ó ń sáré ní ìlọ́po méjì tiyẹn, nítorí náà nínú géèmù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kì í ṣe gbogbo Celeron ló gbà fún wọn, ṣùgbọ́n èyí tó gbà pọ̀. Ìmọ̀ ló dí àlàfo owó.

Ohun kan náà ló ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ẹ̀yà wo ló ń ru ẹrù géèmù tí òun fẹ́ gbá. Lọ́pọ̀ ìgbà, káàdì ni. Kó fi owó tó pọ̀ jù síbẹ̀, kó mú ọpọlọ tó mọ níwọ̀n, kódà èyí tó jáde lọ́dún méjì sẹ́yìn. Àmọ́ kó má fi power pack ṣe ẹ̀dínwó o: bí èyí tí kò dáa bá jó, ó lè mú àwọn yòókù lọ, pàápàá níbi tí iná ti ń ṣe ségesège.

Ilẹ̀kùn tí IBM fi ìkánjú ṣí yìí náà ló jẹ́ kí Otigba ní Ìkẹjà, tó jẹ́ àdúgbò ibùgbé tẹ́lẹ̀, di Computer Village, tí àwọn ọmọ wa ti ń to kọ̀ǹpútà tà, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Lóde òní, wọ́n ń jó mẹ́mórì ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù mọ́ motherboard pa. Bó bá bàjẹ́, kò ṣe é yọ bọ̀rọ̀. Bó bá kéré, kò ṣe é fi kún. Ohun tí a kò lè tú, a kò lè tún un ṣe, a ò sì lè fọgbọ́n rà á. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún kọ̀ǹpútà ọmọ yín, ẹ bi ontajà léèrè: "Èwo ló ṣe é yọ níbẹ̀?"