Ìwé Ogun, Ìwé Àdéhùn: Ẹ̀rí Ta Ni Wọ́n Ń Jẹ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí ìwé tí ìjọba kọ pamọ́ lórí ọ̀rọ̀ ogun àti lórí àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú ìlú mìíràn. Ẹni tí ó bá dúró létí ọ̀sà ní Ìwáyà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mákòkó àti ọgbà Yunifásítì Èkó, tí ó sì kọjú sí erékùṣù Èkó lókèèrè, ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni ó ń wò.

Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Ọba Akítóyè kúrò lórí oyè. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni ó ti ké sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ìrànlọ́wọ́, tí ó sì ṣèlérí pé òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú. John Beecroft, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní aṣojú wọn sí etíkun yìí ní 1849, gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ní oṣù kọkànlá 1851, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó lé wọn padà. Wọ́n tún gbé ogun dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, pẹ̀lú ọkọ̀ púpọ̀ àti àgbá ńláńlá. Kòsọ́kọ́ sá jáde nílùú, Akítóyè padà sórí oyè, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852.

Ní ọdún 1852 yìí kan náà ni wọ́n tẹ ìwé ọ̀rọ̀ ogun náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù fún Ilé Aṣòfin wọn. Kí ni ẹni tí ó bá kà á yóò rí níbẹ̀? Yóò rí lẹ́tà Palmerston, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, yóò rí ìròyìn Beecroft àti ti àwọn ọ̀gágun orí omi. Akítóyè pàápàá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó bá a kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti Kòsọ́kọ́, ìkógun ni ìwé tirẹ̀ fi dé Lọ́ńdọ̀nù: àwọn lẹ́tà tí àwọn oníṣòwò Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì kọ sí i, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí kó ní ilé rẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà fi hàn gbangba pé ó ń ta ẹrú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, òwò ẹrú ti wà ní Èkó kí Kòsọ́kọ́ tó jọba. Bí ogun náà ṣe rí lára ẹni tí àgbá wó ilé rẹ̀ kò sí nínú ìwé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnu àwọn ará Èkó ni ìyẹn wà: Ogun Àgídìngbì ni wọ́n pè é, nítorí bí àgbá ṣe ń dún.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ìwé kejì dé. Ní oṣù kẹfà 1861, Lord John Russell kọ̀wé pé kí wọ́n gba Èkó pátápátá. Ìdí mẹ́ta ni ó kà sílẹ̀: láti pa òwò ẹrú rẹ́, láti mú kí òwò tí ó bófin mu gbèrú, àti láti dá ọba Dahomey lọ́wọ́ kọ́. Ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà lórí omi nígbà tí wọ́n gbé àdéhùn síwájú Ọba Dòsùnmú. Ó fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1861, kò sì pẹ́ tí ó fi kọ̀wé ẹ̀hónú sí Ọbabìnrin Victoria. Èbúté àti erékùṣù Èkó ni àdéhùn náà dárúkọ, pẹ̀lú ilẹ̀ tí ó bá wọn lọ. Orúkọ Ìwáyà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin Èkó rékọjá omi, ó sì bá wọn nílé.

Àmọ́ ṣá o, ẹ̀rí a máa yí padà mọ́ ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá ní 1913, Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, béèrè owó ilẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó kò kà á sí onílẹ̀ gidi. Ó gbé ẹjọ́ dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti tún àdéhùn 1861 yẹ̀ wò. Ní 1921, Lord Haldane kéde pé àṣẹ ìjọba ni Dòsùnmú fi sílẹ̀, àti pé àdéhùn náà kò gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Ìwé tí wọ́n fi gba ìlú ni ó padà gbè onílẹ̀.

Bí ìwé náà bá ti sọnù ńkọ́? Kí ni Olóyè Olúwa ìbá gbé dání? Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọba tiwa náà. Ní 1954 ni a dá ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lábẹ́ Ọ̀mọ̀wé Kenneth Dike, òfin sì tì í lẹ́yìn ní 1957. Òfin 2011 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú láti gbọ́ ohun tí ìjọba ń ṣe gbà kí ìjọba fi ọ̀rọ̀ ààbò àti ti ilẹ̀ òkèèrè pamọ́ bí ó bá lè ṣe ìpalára. Òfin kan náà ní kí wọ́n fi í síta bí àǹfààní rẹ̀ fún aráàlú bá ju ìpalára náà lọ. Orí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà dúró lé.

Ìwé tí kòkòrò jẹ kò lè jẹ́rìí, èyí tí a tì mọ́ yàrá títí ayé kò sì sàn jù ú lọ. Kí ìjọba kọ ọ́, kí ó pa á mọ́ dáadáa, kí ó sì ṣí i nígbà tí ó bá tó. Kí àwa náà kà á pẹ̀lú ohun tí àwọn bàbá wa fi ẹnu sọ, kí a má baà jẹ́ àgbà òṣìkà sí ìtàn ara wa.