Ọkàn Obìnrin Lẹ́yìn Jẹjẹrẹ Ọmú

Obìnrin kan ní ìlú Mowo gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, èémí ò sì délẹ̀ mọ́. Bí ó bá béèrè ohun tó fà á, ẹnìkan á ní oògùn ni, òmíràn á ní ìtànṣán ni, ẹlòmíràn á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí fọ́n káàkiri, ó sì ń tako ara rẹ̀; ìdí nìyẹn tí mo fi kó o jọ síbí.

Ìtàn oògùn ló kún jù. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ ní Italy rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú iyẹ̀pẹ̀ ìtòsí Castel del Monte. Ohun pupa tó ń ti ara rẹ̀ jáde ni wọ́n sọ di daunorubicin; láti ara irú kòkòrò kan náà ni doxorubicin ti wá lẹ́yìn náà. Òun ni oògùn tó pọ́n bíi zobo, tí àwọn nọ́ọ̀sì ṣì ń fà sí iṣan aláìsàn títí dòní. Ó ń pa jẹjẹrẹ, ó sì lè sọ ọkàn di aláìlágbára. Ní 1979, Daniel Von Hoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwé aláìsàn 3,941 wò; ọkàn àwọn 88 ti dẹ́kun iṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí àpapọ̀ oògùn tí ènìyàn ti gbà bá ṣe pọ̀ tó ni ewu náà ṣe ń pọ̀ sí i. Ìyẹn ló mú kí dókítà máa ṣírò gbogbo ìwọ̀n tó ti wọ ara aláìsàn.

Oògùn jẹjẹrẹ ọmú mìíràn, trastuzumab, dé ní Amẹ́ríkà ní 1998. Ìwádìí 2001 fi hàn pé bí wọ́n bá fún ènìyàn ní trastuzumab pa pọ̀ mọ́ oògùn pupa, bí ìdá 27 nínú 100 ló ń ní ìṣòro ọkàn. Ọ̀pọ̀ ló ń padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá dá a dúró.

Ti ìtànṣán ni àríyànjiyàn pọ̀ sí. Ní 2013, Sarah Darby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí obìnrin 2,168 ní Sweden àti Denmark: bí ìtànṣán tó kan ọkàn bá fi gray kan (gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) pọ̀ sí i, ewu àrùn ọkàn ńlá á fi ìdá 7.4 nínú 100 lé sí i. Àwọn kan ka èyí sí pé obìnrin méje nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò ṣàìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ewu tó ti wà lára obìnrin tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lé e, nítorí náà ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó máa ń ká lára jù. Ibi tí ẹjọ́ ìtànṣán àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru ti pàdé nìyẹn. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ àtijọ́ ni wọ́n fi tọ́jú púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ òde òní ń yẹra fún ọkàn dáadáa jù.

Nílé wa, Ìbàdàn ti ń forúkọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1960. Ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Èkó ṣí ní 2019. Olufunmilayo Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdánwò ARETTA kalẹ̀ ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Èkó: trastuzumab àti oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, docetaxel, ni wọ́n lò, láìsí oògùn pupa. Ní 2022, àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù ní kí wọ́n yẹ ọkàn wò kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní Mowo. Kó sì gba ìwé tó kọ ìwọ̀n oògùn rẹ̀ kó tó kúrò ní ọsibítù.