Orúkọ Momoh ní Ìkàrẹ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ tú orúkọ Momoh bí a ti ń tú Adébáyọ̀ yóò ṣe làálàá lásán. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú rẹ̀. Muhammad ni, orúkọ èdè Lárúbáwá tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí a yìn. Ẹnu ni ó gé e kúrú. Lẹ́tà h tí ó wà ní ìparí rẹ̀, ọwọ́ akọ̀wé ni ó fi í síbẹ̀. Ahọ́n kì í pè é.

Nítorí èyí ni àwọn mìíràn ṣe lè wí pé àlejò ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀, kí a yọ ọ́ kúrò nínú ìwé orúkọ wa. Ṣùgbọ́n ní Ìkàrẹ́, orúkọ ilé ọba ni. Akadiri Momoh, tí ó jẹ Olúkàrẹ́, orúkọ Ìmàle méjì ni ó jẹ́ pọ̀: Akadiri ni Abdul-Qadir, ìránṣẹ́ Ọba Alágbára. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn Tápà Bídà a máa gbógun wá sí Àkókó, wọn a máa kó ènìyàn lẹ́rú, wọn a sì máa gba owó òde lọ́wọ́ àwọn ìlú, títí ọmọ-ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ̀sìn Ìmàle bá dé Àkókó, orúkọ sì tẹ̀lé e. Bí a bá yọ orúkọ yìí, apá kan ìtàn Àkókó ni a yọ.

Kí a má sì ṣe rò pé gígé tí a gé e kúrú ni ẹ̀rí ọ̀nà Tápà. Wọ́n ń jẹ́ Momoh ní Auchi, tí kò jìnnà sí Àkókó. Wọ́n sì ń jẹ́ ẹ ní Sàró, níbi tí ọ̀kọ̀ Tápà kan kò dé rí. Joseph Saidu Momoh ṣe ààrẹ ibẹ̀ láti 1985 títí di 1992. Ìtàn ogun ni ẹ̀rí; ìró orúkọ nìkan kò tó.

Ní Ọ̀kà, ìlú tí ó múlé ti Ìkàrẹ́, Yusuf Adeleye jẹ Olúbàkà. Yusuf dàgbà ju èdè Lárúbáwá tí ó gbé e wá lọ: èdè Hébérù ni, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí a fi kún un, nítorí Rákélì ń fẹ́ ọmọ mìíràn sí i. Yésúfù Ìmàle àti Jósẹ́fù Kristẹni, orúkọ kan náà ni.

Kì í ṣe Àkókó nìkan ni irú èyí wà. Sukarno, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Indonéṣíà, Ìmàle ni. Ṣùgbọ́n láti inú Sansikríìtì, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Karna ni akọni kan nínú ìtàn Mahabharata. Su ni rere. Kusno ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí a bí i. Àìsàn ni ó mú kí baba rẹ̀ pa orúkọ náà dà.