Ìgò tó bú ní Kétu

Ọtí tí mo kọ́kọ́ pọn ní Kétu, ìgò méjì ló bú gbàmù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Alájọgbé mi rò pé ìbọn ni. Mo ti rò pé nígbà tí kò hó mọ́, ó parí nìyẹn. Irọ́ ni, ṣúgà ṣì kù, ìwúkàrà sì ń jẹ ẹ́ lọ nínú ìgò tí mo dé pa.

Àwọn ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láyé àtijọ́ a máa rẹ àgbàdo, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é. Etí, imú àti ahọ́n ni òṣùwọ̀n wọn: bí adùn ṣe ń dín kù ni agbára ọtí ń pọ̀ sí i. Ìkòkò ni wọ́n ń lò, afẹ́fẹ́ ń rí ọ̀nà jáde.

Ní 1843, Karl Balling ní Bohemia ṣe òṣùwọ̀n tó ń fi bí omi ṣe wúwo tó mọ ṣúgà inú rẹ̀. Kí Nigerian Breweries tó gbé Star jáde l'Ékòó ní 1949, nọ́ńbà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ahọ́n ní iléeṣẹ́ ọtí.

Èmi náà ti ra hydrometer. Ọtí kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1.048, ó já sí 1.012. Lọ́jọ́ kẹta, mo tún wọ̀n ọ́n: 1.012 náà ni. Ìgbà yẹn ni mo tó rọ ọ́ sígò.