Ìtàn Ìdọ́gba Ìwúwo àti Ìléfòó nínú Mímòòkùn Inú Ihò Àpáta, 1878 sí 2018

1.0 Ìfáàrà

Nígbà tí a bá ń pìtàn àwọn amòòkùn, bí wọ́n ṣe jìn tó nínú omi àti ọ̀nà tí wọ́n là ni ó máa ń gba iwájú. Iṣẹ́ yìí gbájú mọ́ ohun mìíràn, èyí ni ìwúwo tí amòòkùn ń gbé wọ omi, ní pàtàkì nínú ihò àpáta tí omi kún inú rẹ̀. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìtàn ìwúwo náà jẹ́ ìtàn ìyípadà ìmọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ń so ènìyàn mọ́ ilẹ̀ odò ni ìwúwo jẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó di ohun tí ń mú ènìyàn dúró láàrin omi, láìfara kan òrùlé, láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ìyípadà yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lásán.

2.0 Òfin tí ó dè ọ̀rọ̀ náà

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó yé ènìyàn kí ìtàn yìí tó lè yé e. Èkínní ni ti Archimedes, onímọ̀ ìṣirò ará Syracuse tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Òun ni ó là á yé aráyé pé ohunkóhun tí a bá rì sínú omi, omi yóò tì í sókè pẹ̀lú agbára tí ó bá ìwúwo omi tí ohun náà lé kúrò ní àyè rẹ̀ dọ́gba. Bí ìwúwo ohun náà bá ju agbára yìí lọ, yóò rì. Bí kò bá tó o, yóò léfòó. Bí méjèèjì bá dọ́gba, yóò dúró sójú kan.

Èkejì ni òfin tí Robert Boyle tẹ̀ jáde ní 1662, pé bí ipá tí ń tẹ afẹ́fẹ́ bá ti ń pọ̀ sí i ni àyè tí afẹ́fẹ́ náà gbà yóò máa dín kù. Ní mítà 10 nísàlẹ̀ omi, ipá yìí ti di ìlọ́po méjì ti ojú omi. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú àpò tàbí nínú aṣọ amòòkùn yóò sì ti sún kì sí ìdajì. Nítorí náà, bí amòòkùn bá ti ń rì ni yóò túbọ̀ máa rì, bí ó bá sì ti ń gòkè ni yóò túbọ̀ máa gòkè, àfi bí ó bá wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ̀kẹta ni pé afẹ́fẹ́ pàápàá ní ìwúwo. Bí amòòkùn bá gbé sìlíńdà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 12, tí a sì rọ afẹ́fẹ́ sí wọn títí tí ipá rẹ̀ fi di ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ òde, lítà 4,800 ni afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Níwọ̀n bí lítà kan ti wúwo tó gíráàmù 1.2, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sún mọ́ kílógíráàmù 5.8. Bí ó ti ń mí ni ẹrù rẹ̀ ń fúyẹ́. Ẹni tí ó bá wọn ara rẹ̀ kí ó dọ́gba nígbà tí sìlíńdà kún, yóò fúyẹ́ jù nígbà tí ó bá ń padà bọ̀.

Nínú òkun, ẹni tí wàhálà dé bá lè tú ìgbànú òjé rẹ̀ sọ nù kí ó sì léfòó. Nínú ihò àpáta, òkúta ni ó wà lókè. Ẹni tí ó fúyẹ́ jù yóò lẹ̀ mọ́ òrùlé. Ẹni tí ó wúwo jù yóò tẹ ilẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò rú sókè, omi tí ó mọ́ gaara yóò sì di òkùnkùn biribiri. Ọ̀nà tí ó gbà wọlé nìkan ni ọ̀nà àbájáde rẹ̀.

3.0 Ìgbà ìrìn lórí ilẹ̀ odò

Ní 1878, Ottonelli, amòòkùn kan láti Marseille, wọ orísun omi tí à ń pè ní Fontaine de Vaucluse ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ó sì dé mítà 23. Akoto irin àti aṣọ ńlá tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí láti òkè ni ó wọ̀. Irú ohun èlò yìí kan náà ni Graham Balcombe, Jack Sheppard, Penelope Powell àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lò ní 1935 nínú ihò Wookey Hole ní Somerset, ní ilẹ̀ England. Ilé-iṣẹ́ Siebe Gorman ni ó yá wọn ní ohun èlò náà. Akoto bàbà, bàtà tí a fi òjé sí àti òjé tí a so mọ́ àyà àti ẹ̀yìn wà lára rẹ̀. Àpapọ̀ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń tó nǹkan bí kílógíráàmù 80.

Ìwúwo yìí nídìí. Afẹ́fẹ́ tí ó kún inú akoto àti aṣọ ń ti ènìyàn sókè gidigidi, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè rìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá di ilẹ̀ mú. Pẹ̀lú ìrìn báyìí ni wọ́n fi dé iyàrá keje nínú ihò náà. Ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń da omi rú, rọ́bà tí ń gbé afẹ́fẹ́ wá sì ń pààlà fún ibi tí wọ́n lè dé. Nígbà tí wọ́n dá Cave Diving Group sílẹ̀ ní 1946, tí ohun èlò onípò ọ́síjìn sì gba ipò rọ́bà náà, ìrìn lórí ilẹ̀ odò ṣì ń bá a lọ.

4.0 Nígbà tí ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀

Ní 1943, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ṣe Aqua-Lung, tí ó jẹ́ kí amòòkùn gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí ó sì máa lúwẹ̀ẹ́. Ní 1946, Cousteau àti Frédéric Dumas padà sí Vaucluse tí Ottonelli ti wọ̀, wọ́n sì dé mítà 46. Díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n kú síbẹ̀. Èéfín májèlé tí ẹ̀rọ ìrọ-afẹ́fẹ́ fà sínú sìlíńdà ni ó fà á, kì í ṣe ìwúwo. Síbẹ̀ ìrìn-àjò náà fi hàn pé a lè wọ ihò àpáta láìfi ẹsẹ̀ rìn.

Ìgbànú òjé ni àwọn olùlúwẹ̀ẹ́ ìgbà náà gbára lé, òjé kò sì lè yí padà nínú omi. Ní 1961, Maurice Fenzy, ará Faransé, gbé àpò afẹ́fẹ́ tí a ń fi kọ́ ọrùn jáde. Láti ìgbà náà ni amòòkùn ti ní ohun tí ó lè fẹ́ tàbí kí ó tú bí ìjìnlẹ̀ bá ti ń yí padà. Ní àwọn ọdún 1960 yìí kan náà ni àwọn ará Bírítéènì fi ìrìn sílẹ̀, tí wọ́n wọ bàtà onírọ́bà tí ó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n sì ń so sìlíńdà mọ́ ìhà nítorí pé ọ̀nà inú ihò wọn há.

5.0 Ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Florida

Omi ìsun tí ó mọ́ gaara ní Florida, ní Amẹ́ríkà, fa ọ̀pọ̀ amòòkùn tí kò kọ́ iṣẹ́ inú ihò mọ́ra, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì jáde. Èyí ni ó bí ẹgbẹ́ NACD ní 1968 àti ẹ̀ka mímòòkùn inú ihò ti ẹgbẹ́ NSS ní 1973. Ní 1979, Sheck Exley tẹ ìwé Basic Cave Diving jáde, níbi tí ó ti lo ìtàn àwọn tí ó kú láti fi kọ́ àwọn alààyè. Ó tẹnu mọ́ okùn atọ́nà tí kò já láti ẹnu ihò wá, àti pé ìdá mẹ́ta afẹ́fẹ́ ni kí a pín: ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, ọ̀kan fún ewu.

Ìdọ́gba ni ó di òfin méjèèjì yìí mú. Okùn kò wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bò ó. Ẹni tí ó sì ń bá ìwúwo jà yóò mí ju bí ó ti yẹ lọ. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970, Greg Flanagan àti William Hogarth Main kópa nínú ìdàgbàsókè àwo irin tí a ń dè mọ́ ẹ̀yìn, pẹ̀lú àpò afẹ́fẹ́ láàrin rẹ̀ àti sìlíńdà. Ìwúwo wá di ara ohun èlò gan-an, tí kò lè já bọ́ lójijì. Ìlànà ìwọ̀n náà sì ṣe kedere: pẹ̀lú sìlíńdà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán àti àpò tí ó ṣófo, kí amòòkùn lè dúró sójú kan ní nǹkan bí mítà 3 sí ojú omi. Ohun tí ó bá lé lórí èyí ti di àṣejù, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́.

6.0 Ihò àpáta Mẹ́síkò

Ní Yucatán, ní Mẹ́síkò, omi iyọ̀ ń bẹ lábẹ́ omi tútù tí kò níyọ̀. Omi òkun fi nǹkan bí ìdá 2.5 nínú 100 wúwo ju omi tútù lọ. Amòòkùn tí òun àti ẹrù rẹ̀ gba àyè lítà 100 yóò rí i pé omi fi nǹkan bí kílógíráàmù 2.5 tì í sókè sí i bí ó bá ti wọ inú omi iyọ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni sìlíńdà alumíníọ̀mù tí a so mọ́ ìhà ti gbajúmọ̀. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ti ń tán, ìdí rẹ̀ a máa gbé sókè, amòòkùn a sì máa yí ibi tí ó fi kọ́ padà.

Ní 2007, àwọn amòòkùn rí ihò Hoyo Negro. Níbẹ̀ ni egungun ọmọdébìnrin kan wà, tí a sọ ní Naia, èyí tí àwọn onímọ̀ fojú bù sí ọdún 12,000 sí 13,000, pẹ̀lú egungun àwọn ẹranko tí ó ti pòórá láyé. Ní 2018, a kéde pé ihò Sac Actun, tí Hoyo Negro jẹ́ apá kan rẹ̀, so pọ̀ mọ́ Dos Ojos, gígùn rẹ̀ sì di nǹkan bí kìlómítà 347. Ìtẹ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó láti ba irú ẹ̀rí ìtàn bẹ́ẹ̀ jẹ́.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé láti 1878 títí di 2018, ìdáhùn sí ìbéèrè ìwúwo yí padà láti orí òjé ẹsẹ̀ sí orí ìdọ́gba tí a wọ̀n ṣáájú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ará Bírítéènì gbé tirẹ̀ sí ìhà, ará Florida gbé tirẹ̀ sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn ìrìn-àjò ni àwọn méjèèjì fi ń wọn ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ lè fi ìtàn yìí kọ́ òfin Archimedes nínú kíláàsì pẹ̀lú garawa omi, ìgò kékeré onídérí àti yanrìn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bu yanrìn sínú ìgò díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní í léfòó, tí kò sì ní í rì. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ̀kún ọwọ́ kò wúlò níbẹ̀, pé ìbu ìka méjì péré ni ó ń yí ìgò náà padà, wọn yóò mọ ìdí tí ìwọ̀n kékeré fi lè pinnu bóyá ènìyàn yóò jáde.