Kí Ló Wà Nínú Ife Yẹn? Ìtàn Wáìnì, Omi Àjàrà àti Tábìlì Olúwa

Ọ̀la ni Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, a ó sì jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Kí a tó pàdé, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa tí a fẹ́ kọ sílẹ̀. Ó gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á. Tí ẹ bá ń wa mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ páàkì.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Tuesday, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ dìde. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú o. Omi tí Jésù sọ di wáìnì ní Kánà, ṣé ọtí gidi ni, àbí omi àjàrà bíi tiwa?" A ò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó tán. A ní, "Omi àjàrà ni! Jésù kì í pọn ọtí fún ènìyàn!" Ìjọ pariwo Halelúyà. Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan mọ́.

Ó délé, ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fúnra rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a ò rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a lọ bá a nílé, ohun tó sọ fún wa rèé: "Dádì, tí ẹ bá lè fi ọ̀rọ̀ wáìnì lásán tàn mí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ ò fi ọ̀rọ̀ àjíǹde tàn mí?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn gún wa lọ́kàn. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí a bí lọ́mọ. A sì padà sídìí ìwé. Ohun tí a rí níbẹ̀ la fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbọ́ irú ìdáhùn yẹn lẹ́nu wa rí.

ÀKỌ́KỌ́: WÁÌNÌ NI WÁÌNÌ

Wáìnì ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé àwọn rí àmì wáìnì nínú àfọ́kù ìkòkò amọ̀ ní orílẹ̀-èdè Georgia, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Túrkì, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà o. Àwọn ìkòkò náà ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Agbègbè yẹn ò sì jìnnà sí òkè Árárátì. Ẹni tó bá ti ka Jẹ́nẹ́sísì orí 9 mọ̀ pé Nóà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbin àjàrà, ó mu, ó sì mu yó. Omi èso lásán kì í mú ènìyàn tú aṣọ sílẹ̀ nínú àgọ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ àkókò. Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, nǹkan bí oṣù August sí September ni wọ́n ń kórè èso àjàrà. Àjọ Ìrékọjá sì máa ń bọ́ sí March tàbí April. Ó tó oṣù mẹ́fà láàárín méjèèjì, kò sí fíríìjì, kò sí iná mànàmáná. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹmu, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹmu tí adẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ láàárọ̀, ó dùn bí oyin. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó ti di nǹkan mìíràn. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan sí i. Àjàrà náà bẹ́ẹ̀ ni: ìwúkàrà tí ojú ò lè rí wà lára èèpo rẹ̀, tí wọ́n bá ti fún un, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láyé ìgbà náà, ó ṣòro púpọ̀ láti pa omi àjàrà mọ́ di Ìrékọjá kó má di ọtí.

Ìwé òfin àwọn Júù tí wọ́n ń pè ní Mishnah sọ pé ní alẹ́ Ìrékọjá, ife wáìnì mẹ́rin ni kálukú gbọ́dọ̀ mu, tálákà tó ń jẹun láti inú owó àánú náà ò gbọ́dọ̀ gbà kó dín sí mẹ́rin. Wọ́n sì máa ń bu omi là á. Ní nǹkan bí ọdún 150 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Justin, ẹni tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́, ṣàlàyé ìsìn àwọn Kristẹni fún ọba Róòmù. Ó ní búrẹ́dì ni, àti wáìnì tí a fi omi là. Ní Kọ́ríńtì ńkọ́? Pọ́ọ̀lù bá wọn wí nínú orí 11 ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ pé ebi ń pa ẹnì kan, ẹnìkejì sì ti mutí yó nídìí tábìlì Olúwa. Omi àjàrà kì í pa ènìyàn bí ọtí.

Ní Kánà, ìkòkò òkúta mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Tí a bá ṣírò rẹ̀, ó lé ní 400 lítà. Ọ̀gá àsè tọ́ ọ wò, ó ní wọ́n fi èyí tó dára jù pamọ́ di ìgbà yìí. Ẹ̀yin ará, wáìnì ni. A ti purọ́ lórí pẹpẹ láìmọ̀, kí Ọlọ́run dárí jì wá.

ÈKEJÌ: ÌGBÀ WÀ FÚN UN, ÌGBÀ KÒ SÍ FÚN UN

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sáré lọ sí ilé ọtí o! Bíbélì kan náà fi ààlà yí wáìnì ká. Ó wà fún ìgbéyàwó, ó wà fún àjọ̀dún, Sáàmù 104 sì kà á mọ́ ohun tí Ọlọ́run fi ń mú ọkàn ènìyàn yọ̀. Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì kó lo díẹ̀ nítorí inú tó ń dà á láàmú. Gẹ́gẹ́ bí oògùn ni. Ṣùgbọ́n àlùfáà ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án tó bá ń wọ inú àgọ́ ìpàdé. Násírì ò gbọ́dọ̀ mu ún ní gbogbo ọjọ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ìyá Lémúẹ́lì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kì í ṣe ti ọba, kó má baà gbàgbé òfin. Ìdílé Rékábù kò mu ún rárá, Ọlọ́run sì yìn wọ́n ní Jeremáyà 35.

Nítorí náà, ìbéèrè tí àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ máa ń béèrè ni pé: ta ló fẹ́ mu ún, nígbà wo, kí ló sì fẹ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀?

ÌKẸTA: DÓKÍTÀ EYÍN KAN NÍ VINELAND

Ó dáa, tó bá jẹ́ wáìnì ni láti ìbẹ̀rẹ̀, báwo la ṣe débi omi àjàrà?

Fún nǹkan bí 1,800 ọdún, wáìnì gidi ló wà nínú ife ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjà tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó dé ìgbà kan tí àwọn àlùfáà nìkan ń mu nínú ife, tí wọ́n ń fún ìjọ ní búrẹ́dì nìkan. Ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Constance fọwọ́ sí èyí lọ́dún 1415. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sun Jan Hus níná níbẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní Bohemia yarí pé ife gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, wọ́n sì fi àwòrán ife ṣe àmì ara wọn. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí wọ́n bá gbé ife kékeré yẹn dé ọ̀dọ̀ yín lọ́la. Àwọn kan kú kó tó lè dé ọwọ́ ọmọ ìjọ lásán.

Nígbà tó di ọ̀rúndún 19, ọtí líle ti ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ọkọ á gbowó iṣẹ́, ilé ọtí ni owó máa tán sí; ìyàwó àtàwọn ọmọ á sùn lébi. Lọ́dún 1874, àwọn obìnrin Kristẹni ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti ọtí, ìyẹn Woman's Christian Temperance Union. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti wà nínú ìjà yìí ṣáájú wọn. Àmọ́ ìṣòro kan wà: báwo la ṣe máa wàásù pé kí ọ̀mùtí fi ọtí sílẹ̀, ká wá gbé ọtí fún un lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Sunday?

Lọ́dún 1864, Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ti rí i pé tí wọ́n bá mú wáìnì gbóná níwọ̀nba, láìjẹ́ kó hó, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń bà á jẹ́ á kú. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Thomas Bramwell Welch ní ìlú Vineland, ìpínlẹ̀ New Jersey. Dókítà eyín ni, ó ti ṣe oníwàásù rí, ará ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ni. Lọ́dún 1869, ó fún omi èso àjàrà, ó sẹ́ ẹ, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó dé e pa, ó sì fi ìgò náà sínú omi gbígbóná. Ìwúkàrà inú rẹ̀ kú. Omi àjàrà náà kò di ọtí.

Ẹ mọ orúkọ tó fún un? Wáìnì Dókítà Welch tí kò kan. Torí ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe é. Ẹ mọ̀ bó ṣe tà? Kò tà! Àwọn alàgbà ò fẹ́ ohun àjèjì lórí tábìlì. Ó fi í sílẹ̀, ó padà sídìí eyín tó ń yọ. Ọmọ rẹ̀, Charles, ló tún un gbé dìde. Nígbà tó fi máa di ìpàtẹ ńlá ti Chicago lọ́dún 1893, wọ́n ń fún àwọn èrò tọ́ wò níbẹ̀, okòwò náà sì gbéra.

Nítorí náà, omi àjàrà inú ife wa kò tíì pé 200 ọdún. Kì í ṣe láti yàrá òkè ní Jerúsálẹ́mù ló ti wá, láti Vineland ni. Kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

ÌKẸRIN: BÓ ṢE KAN ILẸ̀ WA

Lọ́dún 1842 tí àwọn ajíhìnrere dé Badagry, wọn ò bá àjàrà níbí. Ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ ni wọ́n bá. Wáìnì ìdàpọ̀ ń ti òkè òkun wá nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn náà ń bá ọkọ̀ wá: jíìnì láti Hamburg àti Rotterdam, àpótí lórí àpótí. Wọ́n ń fi ra epo pupa lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Owó orí ọtí yìí sì wà lára owó tó tóbi jù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń pa níbí, ìdí nìyẹn tí kò fi yá wọn lára láti dá a dúró.

Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ò dákẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sierra Leone, pariwo. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell náà pariwo títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lọ́dún 1909. Àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 ti kọ́kọ́ fi ààlà sí òwò ọtí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ti Saint-Germain lọ́dún 1919 wá le sí i lórí àwọn ọtí olówó pọ́ọ́kú.

Nígbà tí àrùn ńlá ọdún 1918 jà, tí ẹgbẹ́ àdúrà bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìsọjí Babalọlá sì bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà lọ́dún 1930, àwọn tó ń wọlé ti rí ohun tí jíìnì ṣe nínú ilé bàbá wọn. Ẹ wá rí i ìdí tí ọ̀pọ̀ ìjọ Aládùúrà fi ka ọtí léèwọ̀, tí àwa Pentecostal náà fi tẹ̀ lé wọn. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé wáìnì wà nínú Bíbélì. Wọ́n rí òkú ọtí nílẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká tún fi kékeré rẹ́rìn-ín. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa lónìí, Ribena la ń lò. Láti èso blackcurrant ni wọ́n ti ń ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1938. Kì í ṣe àjàrà rárá! Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo ará Áńgílíkà tàbí Kátólíìkì tó ń lo wáìnì gidi. Àwọn ló sún mọ́ ohun àtijọ́ jù. Kátólíìkì pàápàá, tí òfin wọn le lórí wáìnì, ń fún àlùfáà tí ọtí ti dè rí láyè láti lo omi àjàrà tí kò tíì di ọtí, tó bá ti gba àṣẹ.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, a dìde níwájú ìjọ, a ní ohun tí a sọ nípa Kánà kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn ìsìn, arákùnrin kan wá bá wa ní kọ̀rọ̀. Awakọ̀ ni, páráágà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní gáréèjì kí Olúwa tó gbà á. Ó ní, "Pásítọ̀, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí òótọ́ yẹn pààrọ̀ ohun tó wà nínú ife. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́ẹ̀kan, wáìnì gidi ni wọ́n fún wa. Ẹnu kan péré ni mo mu. Oṣù méjì ni mo fi wà nínú ọtí kí n tó rí ara mi gbà padà."

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ẹnì kan nílò òtítọ́, ẹnìkejì nílò ààbò. Ọdún pípẹ́ ni a fi rò pé a gbọ́dọ̀ purọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ kí a tó lè dáàbò bo ẹnìkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù ti yanjú rẹ̀ nínú Róòmù 14: ohun tó mọ́ fún mi, mo lè fi í sílẹ̀ tó bá máa gbé arákùnrin mi ṣubú. Ìfẹ́ ti tó ní ìdí. Kò nílò kí á fi irọ́ tì í lẹ́yìn.

Nítorí náà, lọ́la, omi àjàrà náà ni a ó mu, kì í ṣe nítorí pé òun ni Jésù mu, bí kò ṣe nítorí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tí o ò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ọmọ tó bi wá ní ìbéèrè yẹn sì ti di díákónì báyìí. Òun ló máa bù ú sínú àwọn ife kéékèèké yẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Olúwa, ẹni tí ọtí dè nínú ilé wa, tú u sílẹ̀ lónìí. Ẹni tí irọ́ wa lé jìnnà, mú un padà wá sílé. Ní orúkọ Jésù.

Tí ẹ bá gbà á, ẹ kọ Àmín. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ń bá ọtí jà, ẹ fi ránṣẹ́ sí i, kó wá jókòó tì wá lọ́la. Àyè wà nídìí tábìlì.