Pọ́n-ùn Márùn-ún àti Ṣílè Márùn-ún

Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn yín lálẹ́, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ wò: àwọ̀ ara rẹ̀ ni, tàbí àárẹ̀ ojú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí di ẹjọ́ nígbà kan ní London.

Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà ní Russell Square tí wọ́n ń pè ní Imperial. Ilé ọlọ́ṣọ̀ọ́ ni, ó ní ilé ìwẹ̀ olóoru irú ti àwọn ará Tọ́kì. Ní ìparí oṣù keje ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, Learie Constantine dé ibẹ̀ pẹ̀lú aya àti ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ Trinidad ni, aláwọ̀ dúdú bí tiwa, ògbóǹtarìgì nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ó ti gba yàrá sílẹ̀ fún òru mẹ́rin, nítorí ó fẹ́ ṣeré ní pápá Lord's. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òru kan péré ni àwọn lè gbà á, pé àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó wọ̀ síbẹ̀ kò ní fẹ́ bá aláwọ̀ dúdú gbé.

Constantine kó ẹrù rẹ̀ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn. Lẹ́yìn náà, ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Nígbà náà, kò sí òfin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ léèwọ̀. Òfin àtijọ́ kan ni ó dì mú, èyí tí ó wí pé onílé èrò kò gbọdọ̀ lé arìnrìn-àjò láìnídìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, Adájọ́ Birkett dá a láre. Èló ni owó gbà-má-bínú? Pọ́n-ùn 5 àti ṣílè 5.

Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kékeré ni abẹ́rẹ́ wà, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Gbogbo ayé gbọ́ pé aláwọ̀ dúdú jàre onílé ńlá. Ní 1965, wọ́n ṣe òfin tí ó ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ní 1969, Constantine jókòó láàrin àwọn ìjòyè ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin London.

Wọ́n ti wó ilé Imperial àtijọ́ náà, wọ́n sì ti kọ́ òmíràn sí ipò rẹ̀. Ìdájọ́ náà kò wó. Ẹ̀yin ọmọdé, bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ má sọ pé ohun tí ẹ ó rí gbà kéré. Ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín.